Ìtọ́jú àmì-ẹ̀yẹ bàbá tó jagun Bọ́mà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohun ìdán-irin kankan kan ìràwọ̀ idẹ bàbá yín, ìyẹn àmì-ẹ̀yẹ Burma Star tí wọ́n fún àwọn tó jagun ní Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i tó ń kọ mànà, tí lẹ́tà ara rẹ̀ sì ti ń pa rẹ́. Aṣọ òwú gbígbẹ ni mo fi ń nu ti bàbá mi. Rìbọ́ọ̀nù rẹ̀, aláwọ̀ búlúù, pupa àti ọsàn, mi ò fọ̀ ọ́, mi ò sì sá a sóòrùn.

Wọn kì í kọ orúkọ sára ìràwọ̀ àwọn ọmọ ogun wa, nítorí náà ìwé tí wọ́n fi tú bàbá sílẹ̀ lógun ni ẹ̀rí yín. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹ tún bi ẹ̀gbọ́n yín àgbà: nígbà tí bàbá wà ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà lọ́dún 1944, ta ló ń bọ́ ilé? Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀.