Bí Mo Ṣe Dá Òjò Lẹ́tà Àdápadà Dúró

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán lọ́jọ́ Ajé tí Ìyá Akápò fi pè mí. "Ọmọ mi, kí ló dé tí wọ́n ń dá lẹ́tà tí mi ò kọ padà fún mi?" Mo kí wọn, mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan, mo gbé kọ̀ǹpútà mi lé itan.

Èmi ni mò ń bójú tó sáfà ímeèlì (kọ̀ǹpútà tó ń gba lẹ́tà tó sì ń pín in) ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa n'Íbàdàn. Àdírẹ́sì 21 péré ló wà lórí ẹ̀, ètò tí wọ́n ń pè ní Postfix ló sì ń gbé e. Mi ò ní kọ dòméènì wa gan-an síbí. Ẹ jẹ́ ká pè é ní egbewa.example. Lẹ́tà 3,412 ni mo bá nínú àpótí Ìyá Akápò, MAILER-DAEMON (orúkọ tí sáfà fi ń dá lẹ́tà padà) ló fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́: òmíràn lédè Gẹ̀ẹ́sì, òmíràn lédè Jámánì, òmíràn lédè Potogí. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: ẹni tí ẹ kọ̀wé sí kò sí níbí, ẹ gba ẹrù yín.

Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí pé wọ́n ti jí ọ̀rọ̀ aṣínà wọn. Mo ṣí mail.log, ìwé àkọsílẹ̀ sáfà wa, mo wá sasl_username wọn, ìyẹn orúkọ tí wọ́n fi ń wọlé. Lẹ́tà 9 ni wọ́n fi ránṣẹ́ láti ọjọ́ Ẹtì, kò sì sí àjèjì níbẹ̀. A jẹ́ pé kò sẹ́ni tó wọlé wa. Ẹnì kan níbòmíràn ló ń pín lẹ́tà jìbìtì, tó wá kọ orúkọ wa sẹ́yìn àpòòwé. SMTP, ìlànà tí àwọn sáfà fi ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ síra wọn, tó ti wà láti 1982, kì í bi èèyàn pé ṣé orúkọ ẹ nìyí lóòótọ́. Sáfà tó bá gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ tán kó tó mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ń wá ò sí nílé, orúkọ ẹ̀yìn àpòòwé ló máa dá a padà sí. Backscatter ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é.

Ìwàǹwára ló kọ́kọ́ kó bá mi. Ìlà kan ṣoṣo ni mo kọ sínú header_checks, fáìlì òfin tí Postfix fi ń yẹ orí lẹ́tà wò (àwọn ìlà tó ń sọ ẹni tó kọ ọ́ àti ọ̀nà tó gbà wá):

/^From:.*MAILER-DAEMON/ DISCARD

Òjò dá. Mo lọ jẹ àmàlà.

Ní Ọjọ́rú, Ìyá Akápò tún pè. Ayẹ̀wé-owó-wò ní òun ò rí ìwé ìṣirò ọdún tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti àná. Álífábẹ́ẹ̀tì kan péré ni wọ́n ṣì tẹ̀ nínú àdírẹ́sì ẹ̀. Sáfà ọ̀hún gba ìwé náà ná, ó wá inú ilé títí, kò rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó dá a padà, òfin mi sì gbé e mì. DISCARD ò ń bá ẹnikẹ́ni jà. Á ní òun ti gbà á, á sì dà á nù láìwẹ̀yìn. (Lẹ́tà àdápadà tí Postfix tiwa bá kọ fúnra ẹ̀ kì í gba header_checks kọjá, àfi téèyàn bá dìídì ní kó gbà á. Èyí tó ti ìta wá ni mo pa.) Mo bẹ̀ wọ́n, mo pa ìlà náà rẹ́.

Mo wá fara balẹ̀ ka àwọn àdírẹ́sì tí wọ́n ń dá lẹ́tà padà sí, ojú sì tì mí. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ kì í ṣe akapo@ rárá. Orúkọ tí ò sí lẹ́gbẹ́ ni, àwọn bíi sales77@ àti xkqt@. Kí ló wá gbé wọn dé ọ̀dọ̀ Ìyá Akápò? Èmi náà ni. Lọ́dún tó kọjá, mo kọ ọ́ sínú /etc/postfix/virtual pé lẹ́tà yòówù tó bá ṣìnà wá sí dòméènì wa, akápò ni kó gbà á. Mo yọ ìlà @egbewa.example yẹn, mo ṣe postmap, mo ṣe postfix reload kí Postfix lè ka àyípadà náà. Ẹnu ọ̀nà ni sáfà wa ti ń fi 550, kóòdù tó ń sọ pé a ò gbà á, lé wọn báyìí. Ó ju ìdajì òjò náà tó dá lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí tó ń bọ̀ tààrà sí akapo@ ló gba ọgbọ́n. Lẹ́tà àdápadà sábà máa ń gbé orí lẹ́tà àkọ́kọ́ dání, ibẹ̀ ni àṣírí onírọ́ ti ń tú. Mo ṣí ọ̀kan, mo rí "Received: from egbewa.example". Sáfà wa kì í kí sáfà mìíràn bẹ́ẹ̀, meeli.egbewa.example ló ń jẹ́. Ẹni tó bá ní egbewa.example lásán lòun ti wá, kì í ṣe ọmọ ilé wa. Àwọn ètò ímeèlì àtijọ́ kan máa ń kí báyẹn, torí náà mo kọ́kọ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ara mi láti orí fóònù àti kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò lẹ́gbẹ́. Kò sí èyí tó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kọ èyí sí header_checks:

/^Received: +from +(egbewa\.example) +/ WARN iro ni

Mo kọ èyí sí body_checks, tó ń yẹ inú ọ̀rọ̀ wò, nítorí àwọn sáfà tó ń lẹ orí lẹ́tà mọ́ inú ọ̀rọ̀ dípò kí wọ́n so odindi lẹ́tà mọ́ ọn:

/^[> ]*Received: +from +(egbewa\.example) +/ WARN iro ni

Ẹni tó ti jìn sí kòtò lẹ́ẹ̀kan ni mí, ni mo ṣe fi WARN bẹ̀rẹ̀: á kọ ọ́ sínú mail.log, á sì jẹ́ kí lẹ́tà kọjá. Regexp, irú ọ̀nà kan tí Postfix fi ń ka àpẹẹrẹ inú òfin, ni mo lò tẹ́lẹ̀, mo wá yí i sí irú míì, pcre. Bí mo ṣe ṣe reload, lẹ́tà ò wọlé mọ́ rárá! "unsupported dictionary type: pcre." Lórí Ubuntu, lọ́tọ̀ lèèyàn ń fi postfix-pcre sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n òógùn bò mí.

Lọ́jọ́ kejì, mo yẹ 50 wò nínú àwọn tí WARN kọ sílẹ̀, kò sí ojúlówó kan níbẹ̀. Mo sọ WARN di DISCARD. Mo tún yí ~all (ẹ fura sí i) inú SPF wa, àkọsílẹ̀ àwọn sáfà tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi orúkọ dòméènì wa ránṣẹ́, sí -all (ẹ má gbà á), kí àwọn sáfà tó bá ń wò ó lè lé onírọ́ náà lẹ́nu ọ̀nà tiwọn. Lẹ́tà bíi mẹ́jọ tí kò gbé orí kankan dání ṣì ń jò wọlé lójúmọ́. Mi ò ní torí ìyẹn kọ òfin míì.

Mo wá ní kí Ìyá Akápò dìídì ṣi àdírẹ́sì ayẹ̀wé-owó-wò náà kọ, bó ṣe rí lọ́jọ́sí. A jókòó tì í. Kò pé ìṣẹ́jú méjì, MAILER-DAEMON dé.

"Wọ́n dá a padà o!" Mo pàtẹ́wọ́.