Bí a ṣe ń ṣe àbẹ̀wò sí ojúbọ Mariamman ní Samayapuram

Lójú àwọn ará Tamil Nadu ní gúúsù Íńdíà, Mariamman, òrìṣà àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ni ìyá tó ń rọ̀jò sóko, òun ló ń fi ṣànpọ̀nná jà, òun náà ló sì ń wò ó sàn. Abúlé wọn tí kò ní ojúbọ rẹ̀ ò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ti Samayapuram, tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà 15 lọ sí ìlú Tiruchirappalli, wà lára àwọn tí èrò ń wọ́ lọ jù. Ṣànpọ̀nná ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Íńdíà láti 1975. Èrò ò torí ìyẹn dín.

Ẹ kọ́kọ́ mú ọjọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ẹtì àti Àìkú ni wọ́n ń kún ibẹ̀ bámúbámú, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ fara balẹ̀ wo nǹkan, kó lọ ní Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀, ní kùtù. Oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ló tura jù. Tó bá fi máa di oṣù Kẹrin, òkúta àgbàlá á ti máa jó ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ bàtà débẹ̀.

Àmọ́ bí ẹ bá lè fara da èrò, èmi á ní kí ẹ lọ lásìkò ààwẹ̀. Ibi gbogbo la ti ń rí ẹni tó ń gbààwẹ̀ nítorí òrìṣà rẹ̀. Ní Samayapuram, òrìṣà fúnra rẹ̀ ló ń gbààwẹ̀ nítorí àwọn ọmọ rẹ̀, fún ọjọ́ 28, láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin. Wọn kì í gbé oúnjẹ sísè síwájú rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, àfi nǹkan bí omi àgbọn àti wàrà tí wọ́n fi omi là. Ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń ru òdòdó wá ní agbọ̀n-agbọ̀n, wọ́n á máa dà á fún un. Poochoriyal ni wọ́n ń pe ọdún òdòdó náà. Ẹ má retí pé ẹ ó rí i kí wọ́n máa da omi àti wàrà lé ère ńlá lórí bíi ti tẹ́ńpìlì mìíràn o: ewé àti egbò ni wọ́n ní wọ́n fi mọ ọ́n, omi á bà á jẹ́. Ère onírin tí wọ́n ń gbé jáde lọ́jọ́ ọdún ni wọ́n ń wẹ̀ dípò rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì ń gbéra láti ibùdókọ̀ Chathiram ní Tiruchirappalli. Ẹ wẹ̀ kí ẹ tó lọ, ẹ má jẹ ẹran, ẹ má fẹnu kan ọtí lọ́jọ́ náà. Aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún ni kí ẹ wọ̀. Ìró àti bùbá dáa gan-an, pàápàá tó bá jẹ́ pupa tàbí àwọ̀ ìyeyè. Kí ọkùnrin ṣí fìlà.

Ibi òpó àsíá tó wà níwájú ojúbọ ni kí ẹ ti dúró béèrè ọ̀rọ̀. Àwọn tẹ́ńpìlì kan ní Tamil Nadu kì í jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn Híńdù kọjá ibẹ̀, wọ́n á sì gbé pátákó síbẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má wọlé, ẹ má bá wọn jiyàn. Fóònù ńkọ́? Láti ìparí 2022 ni ilé ẹjọ́ gíga Madras ti ní kí wọ́n má gbà á wọlé mọ́ ní tẹ́ńpìlì ìpínlẹ̀ náà, torí náà ẹ fi pamọ́ síbi tí wọ́n ń gbà á sí.

Ẹ ra agbọ̀n ẹbọ lẹ́nu ọ̀nà: àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, òdòdó, ọsàn wẹ́wẹ́, ewé dóńgóyárò, àti kánfọ̀, èyí tí wọ́n ń sun, kì í ṣe èyí tí à ń kó sáàárín aṣọ. Ewé dóńgóyárò tí àwa ń sè mu fún ibà ni ewé ìyá yìí gan-an. Ẹ ó rí i lọ́rùn, lórí, lẹ́nu ìloro. Ẹ gbé agbọ̀n fún àwòrò, kí ẹ sì dárúkọ yín fún un. Bó bá gbé iná kánfọ̀ dé, ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sí òkè iná náà díẹ̀, kí ẹ fi kan ojú. Ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ ó fi gba eérú àti ẹ̀tù pupa. Ti ọwọ́ òsì, ẹ kò nílò kí n sọ ọ́. Bí ẹ ṣe ń yí ojúbọ ká, apá ọ̀tún yín ni kó máa kọjú sí òrìṣà.

Ìta ni ẹ̀jẹ́ wà, ẹ má sì kánjú kúrò níbẹ̀. Ẹ ó rí ẹni tó fá orí kodoro, ẹni tó ń yí gbirigbiri lórí ilẹ̀ yí ojúbọ ká, obìnrin tó gbé ìkòkò iná lọ́wọ́. Àwọn kan á fi ojú tàbí ẹsẹ̀ tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ rọ sílẹ̀ nítorí ibi tó ń dùn wọ́n lára. Ẹni tó ń wá ọmọ á so ibùsùn ìkókó kékeré mọ́gi. Òrìṣà lè gun ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ yà fún un, ẹ má tẹjú mọ́ ọn, àwọn ẹbí rẹ̀ mọ ohun tí wọ́n á ṣe.

Wọ́n á dá ààbọ̀ àgbọn padà fún yín pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀. Jíjẹ ni, ẹ sì fún ẹni tó bá jókòó tì yín nínú rẹ̀ kí ẹ tó lọ wá bàtà yín.