Àwọn Àṣìṣe Tí A Fi Ń Fọwọ́ Ara Wa Gbé Ẹ̀tọ́ Wa Sílẹ̀ ní Ilẹ̀ Òkun

Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti sọ oko àti ojú ọ̀nà di ibi ìbẹ̀rù fún wa, láti Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú títí dé agbègbè Kàbà ní ilẹ̀ Òkun, ìyẹn ilẹ̀ àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, kò sí ẹni tí kò fẹ́ kí ọlọ́pàá, sójà àti àwọn ọdẹ wà lójúfò. Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù yìí ti mú kí a máa gba ohun tí òfin kò gbà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá ti lè sọ pé “ọ̀rọ̀ ààbò ni,” kò sí ẹni tó tún ń bèèrè ohunkóhun mọ́. Apá 37 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 dáàbò bo ilé wa, lẹ́tà wa àti ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lórí fóònù. Apá 45 gbà pé a lè dín ẹ̀tọ́ náà kù nítorí ààbò ìlú, àmọ́ òfin tí a ṣe, tí ó sì bá ìjọba àwa-ara-wa mu, ni ó lè dín in kù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá kankan.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni ti fóònù. Ẹ̀ṣọ́ á dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà Kàbà sí Ọbàjànà, á na ọwọ́ sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn, ọmọ náà á sì ti ṣí fóònù kí ó tó gbé e lé e lọ́wọ́. Kí ó tó ṣẹ́jú pẹ́, wọ́n ti ka ọ̀rọ̀ òun àti ìyá rẹ̀ lórí WhatsApp, wọ́n ti wo àwòrán rẹ̀ tán, wọ́n sì ti rí iye tó wà ní báńkì rẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ ààbò ti sábà máa ń di ọ̀rọ̀ owó. Ẹ má ṣe ṣí fóònù yín nítorí pé wọ́n kàn ní kí ẹ ṣí i. Wíwá ìbọn nínú ọkọ̀ yàtọ̀ pátápátá sí wíwá ọ̀rọ̀ nínú fóònù. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún SARS, ikọ̀ ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ìdigunjalè nígbà náà, àti àwọn ikọ̀ tó jọ ọ́ pé wọn kò gbọdọ̀ máa yẹ fóònù àti kọ̀ǹpútà aráàlú wò láìgba àṣẹ. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bèèrè ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn yín àti ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́. Bí wọ́n bá fi ipá gba fóònù náà, ẹ má ṣe bá wọn jà á gbà, nítorí ẹ̀mí kò ní ààrọ̀. Ẹ fi ọjọ́, aago, nọ́ḿbà ọkọ̀ wọn àti orúkọ tó wà láyà aṣọ wọn sọ́kàn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní kété tí ẹ bá kúrò níbẹ̀.

Ẹ má ṣe fi NIN yín forúkọ síìmù sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ìbáà ṣe ọmọ ìyá yín. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 pàṣẹ kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó pe ẹni àti ìgbà tó pè é fún ọdún 2, orúkọ yín ni ìjọba yóò sì bá níbẹ̀.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá ni àṣìṣe ti máa ń pọ̀ jù. Àwọn ẹbí ẹni tí wọ́n mú á kọ́kọ́ sáré lọ bẹ olóṣèlú tàbí àgbà ìlú, ọjọ́ á sì máa gorí ọjọ́. Apá 35 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti sọ ọ́ kedere: bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, bí ó ti rí ní Kàbà, láàárín ọjọ́ kan ni kí wọ́n gbé afurasí dé iwájú adájọ́, bí kò bá sí, ọjọ́ 2, àfi bí adájọ́ bá fi kún un, tàbí bí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ èyí tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀sùn náà fún un ní èdè tó yé e. Ó lè dákẹ́ títí yóò fi bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé tí ẹlòmíràn bá yín kọ láìjẹ́ pé wọ́n kà á fún yín láti òkè délẹ̀. Ẹ má ṣe san owó bẹ́èlì, ọ̀fẹ́ ni. Bí wọ́n bá sì wá ọmọ tì, tí wọ́n wá gbé bàbá, ẹ má ṣe lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣàánú àgbàlagbà. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò fàyè gba kí wọ́n mú ẹnìkan rọ́pò ẹlòmíràn rárá.

Ó dùn mí pé àwa fúnra wa la tún ń pè wọ́n. Ẹni tí wọ́n jẹ ní owó àjọ á lọ san nǹkan fún ọlọ́pàá kí wọ́n lè ti ajigbèsè mọ́lé, bẹ́ẹ̀ òfin ọlọ́pàá kan náà sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí gbèsè.

Àṣìṣe tó burú jù lójú mi ni kí inú wa máa dùn nítorí pé ẹgbẹ́ òṣèlú tí a kò fẹ́ ni wọ́n ń fi agbára mú. Ní òpin oṣù Kẹta ọdún 2025, nígbà tí Natasha Akpoti-Uduaghan, sẹ́nétọ̀ láti Àárín Gbùngbùn Kogí, fẹ́ wá sílé, ìjọba ìpínlẹ̀ Kogí kéde pé àwọn ti fòfin de ìpéjọpọ̀ àti ìwọ́de nítorí ètò ààbò. Ẹni tó bá gba ti sẹ́nétọ̀ náà àti ẹni tí kò gba tirẹ̀ ló yẹ kó jọ bèèrè òfin tí wọ́n gbé àṣẹ bẹ́ẹ̀ lé, nítorí láti ọdún 2007 ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti dájọ́ pé ará Nàìjíríà kò nílò ìwé ìyọ̀ǹda ọlọ́pàá kí wọ́n tó péjọ. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Ẹ má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ti kọjá nítorí pé ó ti pẹ́. Apá 46 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún wa láyè láti lọ sí ilé ẹjọ́ gíga, ìlànà ọdún 2009 tó wà fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sì sọ pé kò sí òfin àkókò tó lè dí i lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹlòmíràn lè pe ẹjọ́ náà fún ẹni tó wà ní àhámọ́. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè tọ àjọ tó ń ṣe ìrànwọ́ òfin fún mẹ̀kúnnù, ìyẹn Legal Aid Council, lọ, kí ó sì mú àkọsílẹ̀ ọjọ́, aago àti orúkọ náà dání.