Kí omi má bàa bá afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ wọ ìbọn ọ̀dà

Nígbà òjò ní Ìlọrin, omi tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sínú táǹkì fún ìbọn tí a fi ń fọ́n ọ̀dà) ń kó jọ kì í ṣe kékeré. Ẹ má so fílítà tó ń gba omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ mọ́ ẹnu táǹkì: afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣì gbóná, ooru ni omi inú rẹ̀, á kàn gba inú fílítà kọjá ni. Ẹ fi páìpù irin bíi mítà 8 gba ara ògiri kí afẹ́fẹ́ lè tutù ná kó tó dé fílítà, kí páìpù náà dagẹ̀rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 lórí mítà kan, kí táàpù tí ẹ ó fi máa tú omi wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀gbẹ́ òkè páìpù yìí ni kí ẹ ti fa ẹ̀ka tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sí ìbọn, kó tẹ̀ wálẹ̀ bí ọwọ́ agboòrùn. Bó bá jẹ́ abẹ́ rẹ̀, omi ló máa kọ́kọ́ bọ́ sínú ìbọn.

Ẹ máa tú omi táǹkì nírọ̀lẹ́ ojoojúmọ́. Bó bá funfun bí omi wàrà, ọ́ìlì ti wọ̀ ọ́. Ẹ yẹ ríìngì písítìnì kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ (òrùka ara písítìnì tó ń dí ọ́ìlì) wò.