Iná inú ilé àti rosacea: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tí ojú ń jó lábẹ́ gílóòbù

Rosacea jẹ́ àìsàn awọ ojú tí kì í lọ tán. Ẹ̀rẹ̀kẹ́, imú, iwájú orí àti àgbọ̀n á pọ́n, á máa jó ni, nígbà mìíràn nǹkan wẹ́wẹ́ bí irorẹ́ á tún yọ síbẹ̀. Á rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀, á tún gbérí. Oòrùn ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi, wọn ò sì jayò pa. Ṣùgbọ́n àwọn kan ò jáde síta rárá, abẹ́ iná inú ilé ni ojú ti ń jó wọn. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè nìyí.

Ìbéèrè: Ìdí iná orí tábìlì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lálẹ́. Tó bá fi máa tó wákàtí kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó wà lọ́wọ́ iná á ti gbóná, á ti pọ́n. Èkejì ò ní ṣe nǹkan kan. Ṣé ìmọ́lẹ̀ náà ni?

Ìdáhùn: Ooru iná yẹn ni mo fura sí, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe gan-an ló jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀: oúnjẹ tàbí ìrònú kì í pọ́n apá kan ojú kó fi ìkejì sílẹ̀. Ẹ wo irú gílóòbù tó wà lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti àtijọ́, èyí tí wáyà tín-ín-rín máa ń pọ́n yòò nínú rẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá iná tó ń jẹ ló ń di ooru. Gílóòbù kékeré tí wọ́n ń pè ní halogen náà ò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ṣe kéré tó yẹn, ojú gíláàsì rẹ̀ lè gbóná kọjá 200°C. Ooru náà kì í dúró nídìí gílóòbù. Ó ń bá ìmọ́lẹ̀ tàn jáde ni, ojú yín ló sì ń bá pàdé.

Lára ẹni tó ní rosacea, òpójẹ̀ ojú kì í pẹ́ fẹ̀, ohun tó ń gbọ́ ooru nínú awọ sì máa ń tètè ta gìrì. Ohun kan náà yẹn ló ń gbọ́ títa ata, ìyẹn ni oúnjẹ aláta náà fi máa ń mú ojú ọ̀pọ̀ wọn pọ́n.

Ẹ dán èyí wò. Ẹ jẹ́ kí iná náà tàn fún bí ìdajì wákàtí, kí ẹ wá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ yín sí ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń wà, kí ẹ má gbé e kúrò fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni o, àtẹ́lẹwọ́ ti yigbì jù. Bó bá gbọ́ ooru lọ́wọ́ọ́wọ́, ọwọ́ ti tẹ olè. Ẹ fi LED, gílóòbù òde òní, rọ́pò rẹ̀. LED náà ń gbóná, àmọ́ ìdí rẹ̀ ni ooru ń gbà jáde, kì í bá ìmọ́lẹ̀ wá sójú. Bí ẹ ò bá tíì lè pààrọ̀ rẹ̀, ẹ sún un sẹ́yìn: tí àyè tó wà láàárín yín bá di ìlọ́po méjì, ohun tó ń dé ojú yín á ku nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ tún lè dojú rẹ̀ kọ ògiri, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ibẹ̀ wá bá yín.

Ìbéèrè: LED ni gbogbo iná ilé mi báyìí, síbẹ̀ ojú mi ṣì ń pọ́n lọ́sàn-án. Kí ló kù?

Ìdáhùn: Wíńdò. Oríṣi méjì nínú ultraviolet, ìtànṣán oòrùn tí ojú ò rí, ni UVB àti UVA. Gíláàsì wíńdò máa ń dá UVB dúró, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú UVA ń kọjá, ooru oòrùn sì ń bá a wọlé. Ìmọ́lẹ̀ tó dáa fún iṣẹ́ ọ́fíìsì kò ju bí 500 lux lọ (lux ni wọ́n fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó). Oòrùn ọ̀sán gangan lè dé 100,000. Ẹni tó ń bá gílóòbù jà, tó wá jókòó sẹ́nu wíńdò, ibi tí kò sí ogun ló kọjú sí. Ẹ yí tábìlì padà tàbí kí ẹ ta kọ́tínì, kí ẹ sì máa fi sunscreen, ìpara tó ń dènà oòrùn, para kódà bí ẹ ò bá jáde.

Ẹ ṣọ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń jáde lára kọ̀ǹpútà náà, àti ife tíì tí ẹ gbé síwájú. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fún un ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹni tó yí mẹ́fà padà lọ́jọ́ kan ò ní mọ èyí tó ṣe é lóore.

Ìbéèrè: Gílóòbù aláyìípo tí kì í jẹ iná púpọ̀ ńkọ́? Wọ́n ní ó ń tú ultraviolet jáde.

Ìdáhùn: Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Mercury tó wà nínú rẹ̀ ló ń tú ultraviolet, ẹ̀fun funfun tí wọ́n fi kun inú gíláàsì ló ń sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀. Tí ẹ̀fun náà bá sán níbi tí ọ̀pá ti yí kọ́ró, díẹ̀ lè yọ́ jáde. Lọ́dún 2008, Health Protection Agency, àjọ ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, gbani nímọ̀ràn pé kí èèyàn má jókòó sún mọ́ èyí tí ọ̀pá rẹ̀ hàn gbangba tó 30 cm fún ohun tó ju wákàtí kan lọ lóòjọ́. Èyí tí wọ́n tún fi gíláàsì mìíràn bò kò ní wàhálà. Tí tiyín bá wà lórí àjà, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ìbéèrè: Aláwọ̀ dúdú ni mí. Ṣé ìmọ́lẹ̀ búlúù inú LED àti fóònù ò ní ba ojú mi jẹ́?

Ìdáhùn: Ìmọ́lẹ̀ búlúù tó le lè fi àpá dúdú sílẹ̀ lára awọ dúdú, ìyẹn kì í ṣe àsọdùn. Àmọ́ ọ̀dọ̀ oòrùn ni èyí tó pọ̀ ti ń wá. Ti fóònù kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ìpara tó ń dá a dúró, ẹ wá sunscreen aláwọ̀ tó ní iron oxide, èròjà tó ní àwọ̀ bí ìpẹtà, nínú. Owó gíláàsì fóònù tí wọ́n ní ó ń dáàbò bo awọ, ẹ fi ra nǹkan mìíràn.

Ohun tó ń dà mí láàmú jù ni pé pípọ́n kì í tètè hàn lára aláwọ̀ dúdú, wọ́n á sì máa tọ́jú ẹni náà fún irorẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má wo àwọ̀ nìkan. Ẹ ṣọ́ jíjó, títa, wíwú, àti ojú tó ń gbóná láìsí ibà. Ìpara tó ní steroid, oògùn tó ń mú pípọ́n àti wíwú rọlẹ̀, lè mú kó dín kù níbẹ̀rẹ̀, kó sì tún burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bó bá yá.

Ìbéèrè: Ẹyinjú ni tèmi. Iná yàrá á máa gún mi lójú, bíi pé iyanrìn wà níbẹ̀, omi á sì máa dà.

Ìdáhùn: Rosacea máa ń wọ ẹyinjú lóòótọ́, kódà kí awọ tó fi hàn. Ẹṣẹ́ ọ̀rá etí ìpéǹpéjú ló máa ń dí, omijé á wá máa yára gbẹ. Níhìn-ín, ìmọ́lẹ̀ gan-an ló ń dunni. Ẹ dín iná àjà kù, ẹ fi nǹkan bo gílóòbù tó bá hàn sójú, ẹ má jẹ́ kí fáànù fẹ́ sí yín lójú, ẹ sì máa ṣẹ́jú dáadáa tí ẹ bá ń wo kọ̀ǹpútà. Ẹ má sọ dígí dúdú di ti inú ilé, ojú tó bá ti mọ́ òkùnkùn lára á túbọ̀ máa sá fún ìmọ́lẹ̀.

Ẹ tún yẹ iná tó ń ṣẹ́jú wò. Iná fluorescent àtijọ́ àti LED tí kò dáa lè máa ṣẹ́jú nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan níbi tí iná mànàmáná ti jẹ́ 50 Hz, ìyẹn èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú ò rí i, orí ń fọ́. Ẹ ya fídíò rẹ̀ pẹ̀lú slow motion fóònù. Bó bá ń mọ́ tó ń ṣú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Aṣọ mímọ́ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ lórí ìpéǹpéjú tí ẹ pa dé máa ń ran ẹṣẹ́ náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kó má dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ojú bá ń ro yín tàbí tó ń ṣe bàìbàì, dókítà ojú lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró.

Ìbéèrè: Nínú dígí balùwẹ̀, ojú mi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Nínú yàrá, kò sí nǹkan kan. Èwo ni kí n gbàgbọ́?

Ìdáhùn: Ìmọ́lẹ̀ yàrá tó bá pọ́n díẹ̀, bíi 2700 K (K ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), máa ń bo pípọ́n mọ́lẹ̀, èyí tó funfun báláú, bíi 6500 K, máa ń tú u síta. Ẹ má gba ìkankan gbọ́. Ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ni kí ẹ fi wò ó, níbì kan náà, lákòókò kan náà, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ fún dókítà.

Ìbéèrè: Doxycycline, oògùn tó ń gbógun ti kòkòrò àrùn, ni wọ́n fún mi fún rosacea. Ṣé kí n sá fún iná ilé?

Ìdáhùn: Rárá. Oòrùn ni oògùn yẹn ń jẹ́ kí awọ tètè bínú sí, títí kan èyí tó ń gba wíńdò wọlé. Ẹ kàn yẹra fún bẹ́ẹ̀dì oníná tí wọ́n fi ń sọ awọ di dúdú.