Awò Ọ̀mùtí Tí Wọ́n Pè Ní Awò Ológun

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nípa ewu ọtí àti ọkọ̀ wíwà, ẹ má ra awò ọ̀mùtí, awò tó ń mú kójú èèyàn ṣe bíi ti ọ̀mùtí, láti òkè òkun o. Mo ti rà á, ojú mi sì ti rí i. Owó tí mo san kí wọ́n tó tú awò mẹ́ta sílẹ̀ fún mi ní Abuja ju owó tí mo fi rà wọ́n ní Amẹ́ríkà lọ.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kubwa ló gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Àwọn ọmọ wa ti sọ ọ́ dàṣà: wọ́n á ti òde àríyá bọ̀ lóru, wọ́n á máa fi ọkọ̀ bàbá wọn sáré àsápajúdé lójú títì márosẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kì í wọ̀ wọ́n létí, ni mo bá ní kí n fi awò ọ̀mùtí hàn wọ́n. Awò náà kò ní wáyà, kò ní bátìrì. Bí wọ́n ṣe gé dígí rẹ̀ ni ohun tó wà níwájú rẹ fi máa yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ á máa kọ́ra bó ò tilẹ̀ fẹnu kan ọtí.

Iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn gbé ẹrù wọlé pè mí pé ẹrù ti dé. Ọmọkùnrin tó wà nídìí tábìlì, Yorùbá bíi tèmi, wo ìwé, ó wò mí lójú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

Mo ní oníṣirò owó ni mí.

"Kí lẹ wá fẹ́ fi awò ológun ṣe?"

Ẹnì kan ti kọ ọ́ síwèé pé awò tí sójà fi ń ríran lóru ni. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ààbò, ìyẹn ò sì burú, a mọ ohun tójú àwa ará òkè ọya ń rí lọ́wọ́ agbébọn. Ṣùgbọ́n awò tí kì í jẹ́ kéèyàn ríran lọ́sàn-án, báwo ni sójà ṣe fẹ́ fi jagun lóru?

Mo ní kó wọ̀ ọ́ wò. Ó kọ̀. Mo ní kí èmi wọ̀ ọ́ kó máa wò mí. Ó ní a kì í fọwọ́ kan ẹrù tí wọ́n ṣì ń yẹ̀ wò. Ọ̀gá rẹ̀ ti lọ ṣe Iléyá ní Katsina. Ọ̀gá dé, wọn ò rí fáìlì. Fáìlì jáde, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Gbogbo ìgbà yẹn, owó ìpamọ́ ń gorí ara, lórí ẹrù tí àwọn fúnra wọn ò jẹ́ kí n gbé! Nígbà tí ọ̀gá gbé awò sójú níkẹyìn, ó dìde, ó forúnkún gbá tábìlì, ó bú sẹ́rìn-ín, ó buwọ́ lùwé lójú ẹsẹ̀. Owó ìpamọ́ ò dín kọ́bọ̀.

Ètò wa ti kọjá nígbà yẹn. Ìyàwó mi ló kó wa yọ: ó ra awò ìlúwẹ̀ẹ́ ní ọjà Wuse, ó fi fásílìn kùn ún. Ojú á kàn di bàìbàì ni, ṣùgbọ́n ó tó. A fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀, kò sẹ́ni tó rìn ín gún. Ẹni tó ń fọ́nnu jù kò rí kọ́kọ́rọ́ tí mo jù sí i hán. (Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wa ọkọ̀ o, ẹsẹ̀ ni kí wọ́n fi rìn.) Ti gbọ̀ngàn, àga, oúnjẹ àti lẹ́tà sí àwọn Road Safety, ẹni tó bá ti ṣe ìsọmọlórúkọ rí mọ̀ ọ́n.

Ìṣirò tí mo kọ sójú pátákó ni mo fi ń yangàn. Ìgò bíà ńlá kan, sẹ̀ńtílítà 60, tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ní nǹkan bíi gíráàmù 24 ògidì ọtí. Ẹ̀dọ̀ kì í sábà lè palẹ̀ ju gíráàmù 7 sí 10 mọ́ ní wákàtí kan. Ẹni tó mu ìgò mẹ́rin láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí méjìlá òru, tó wakọ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, ọtí ṣì wà lára rẹ̀. Omi tútù, kọfí, epo pupa, ọsàn wẹ́wẹ́, kò sí èyí tó ń lé e. Mílígíráàmù 50 nínú mìlílítà 100 ẹ̀jẹ̀ ni òfin Nàìjíríà fàyè gbà. Ọmọkùnrin kan ní agbo jẹ̀díjẹ̀dí lòun ń mu ní tòun. Mo bi í pé kí ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Ó ní ògógóró. Gbogbo ilé hó yèè.

Awò mẹ́ta náà wà nílé mi báyìí, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ yá a lè wá gbé e. Akápò wa ṣì ń béèrè rísíìtì owó ìpamọ́ kó tó dá owó mi padà. Wọn ò fún mi ní rísíìtì.