Bí Mo Ṣe Ka Ẹfun Inú Iṣan Ọkàn Mi Lẹ́ẹ̀mejì

Ọdún 58 péré ni bàbá wa lò láyé. Wọ́n jẹ àmàlà alẹ́ tán, wọ́n ní àyà ń fún àwọn, ilẹ̀ ò sì mọ́ bá wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo pé 49 lọ́dún 2019, mo ní kí dókítà mi ní Houston bá mi yẹ ọkàn wò. Ó kọ CT, ìyẹn àwòrán inú ara, tí wọ́n fi ń ka kálísíọ̀mù inú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn. Ẹfun ni èmi ń pè é, torí ó máa ń funfun báláú nínú àwòrán.

Kò le rárá. Kò sí abẹ́rẹ́. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà, kí ẹ̀rọ lè mọ ìgbà tí ọkàn bá sinmi díẹ̀ kó tó yàwòrán. Wọ́n ní kí n mú èémí dúró, ó parí. Dọ́là 120 jáde lápò mi. Ìnṣọ́ránsì ní kò kan àwọn. Èsì: 41. Látorí 0 ni wọ́n ti ń kà á. Tó bá wọ 100, ọ̀rọ̀ ti ń wúwo, tó bá kọjá 400, ó ti le nìyẹn. 41 kì í ṣe ohun àmúṣeré fún ẹni 49. Mo bẹ̀rẹ̀ atorvastatin, ọ̀kan lára àwọn oògùn statin tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, 20 mg lálaalẹ́. LDL mi, ìyẹn ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀, já láti 148 sí 74.

Mo padà lọ lọ́dún 2024 kí n lè rí èrè oògùn mi. Èmi òpè, mo ti mu ife kọfí méjì! Ọkàn mi ń lù ní ìgbà 96 láàárín ìṣẹ́jú kan, ni wọ́n bá ní kí n lọ jókòó kó fi rọlẹ̀.

Èsì dé: 86.

Àbúrò mi obìnrin pè láti Ìbàdàn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ da oògùn yẹn nù jàre. Ọdún márùn-ún lẹ ti ń gbé e mì, nǹkan sì di ìlọ́po méjì!" Kí n má parọ́, èmi náà ti ń rò ó.

Dókítà ní kí n lọ gba àwòrán àkọ́kọ́ wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ibi tí mo ti kọ́kọ́ yà á fi ń dá mi lóhùn pé àwọn ò rí i. Ọjọ́ tí mo lọ dúró sí kántà wọn ni CD jáde.

Dókítà gbé àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Iṣan iwájú ti kúrò ní 35, ó di 66. Tọwọ́ ọ̀tún kúrò ní 6, ó di 20. Àmọ́ ojú kan náà ni ẹfun wà, ó kàn ki sí i ni. Bí ẹfun bá ṣe fẹ̀ tó nìkan kọ́ ni wọ́n ń kà, wọ́n tún ń fi bó ṣe ki tó sọ ọ́ di púpọ̀, láti 1 dé 4. Statin a sì máa mú kí ọ̀rá rírọ̀ inú iṣan le. Ọ̀rá rírọ̀ yẹn ló máa ń bẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ á fi dì, CT yìí kò sì lè rí i. Dókítà ò ní gbogbo àlékún náà jẹ́ ti oògùn o. Ó fi ezetimibe, oògùn mìíràn tó ń dín LDL kù, kún un, ó ní LDL àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ la ó máa tẹ̀ lé báyìí, pé CT ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò ní sọ nǹkan tuntun fún wa.

LDL mi ti di 55. Mo ní kí àbúrò mi náà lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 158 lórí 96. Òun náà ti ń gbé oògùn mì.